Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bọ́tìnì Pẹlẹbẹ àti Ojú Fóònù

Ìbéèrè: Bí mo bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, bọ́tìnì pẹlẹbẹ ara máíkírówéèfù mi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú fóònù mi kì í dá mi lóhùn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń retí lọ́wọ́ ìka ló yàtọ̀.

Agbára ni bọ́tìnì pẹlẹbẹ ń fẹ́. Ọ̀rá pọlíẹ́sítà méjì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Wọ́n á fi yíǹkì tí fàdákà wà nínú rẹ̀ tẹ ipa ọ̀nà iná sára wọn, wọ́n á sì fi ọ̀rá kẹta tó ní ihò sáàárín, kí wọ́n má baà kanra. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ti òkè á gba ojú ihò kan ti ìsàlẹ̀, iná á sì kọjá. Kódà, igi lásán lè tẹ̀ ẹ́! Irú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Sinclair fi ṣe kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà ZX81 ní 1981.

Ti fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Ìlà tín-ín-rín tó ń gbé iná, tí ojú kì í rí, ló wà lábẹ́ gíláàsì. Ara ènìyàn náà ń gbé iná. Bí ìka bá ti sún mọ́ ọn, ìwọ̀n iná ibẹ̀ á yí padà, fóònù á sì mọ̀ ọ́n. Onímọ̀ ẹ̀rọ E.A. Johnson ṣàlàyé ọgbọ́n yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Rọ́bà tó nípọn kì í jẹ́ kí ìka sún mọ́ ọn tó.

Níbi tí ìbọ̀wọ́ kì í ti í kúrò lọ́wọ́, bọ́tìnì títẹ̀ ló dára jù.