Igún Ṣoore, Ó Pá Lórí

Igún ṣoore, igún pá lórí; àkàlà ṣoore, àkàlà yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn; torí ọjọ́ mìíràn, kéèyàn má ṣoore bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí òwe yìí bá ti jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n fi ibi san oore rẹ̀, kì í sí ẹni tó tún ń bá a jiyàn. Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ọ̀dá dá, ilẹ̀ gbẹ, wọ́n ní kí ẹyẹ kan gbé ẹbọ lọ sọ́run, gbogbo ẹyẹ kọ̀, àfi igún. Ẹbọ fín, ẹbọ dà, òjò ńlá ṣú, ó rọ̀. Kí igún tó padà dé, òjò ti pa á, oníkálukú sì ti tìlẹ̀kùn. Ibi gbogbo tó yà sí ni wọ́n ti ń fi ẹnu sọ ọ́ lórí, títí ìyẹ́ orí rẹ̀ fi re tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka ìtàn yìí sí ẹ̀rí pé oore kò lérè. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ẹyẹ tó gbéra ìrìn àjò ńlá láìbi ẹnikẹ́ni pé, "Bí mo bá dé, ilé ta ni n óò wọ̀?" Oore rẹ̀ kò ní àbùkù; ẹnu ni kò là. Lójú tèmi, ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ onínúure dúró lẹ́nu iṣẹ́ àti láyé nìyẹn: wọn kò lè sọ pé "rárá", wọn kò sì lè sọ iye tí iṣẹ́ wọn tó. Àìlèsọ̀rọ̀ yìí máa ń da aṣọ inú rere bora, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣì í mú.

Ká kọ́kọ́ gbà pé àròyé àwọn onínúure kì í ṣe ẹkún àsunlásán. Lọ́dún 2012, Timothy Judge, Beth Livingston àti Charlice Hurst tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ìwà tútù àti owó iṣẹ́. Owó tí àwọn ọkùnrin tí kì í tètè gbà fún èèyàn ń rí fi nǹkan bí ìpín 18 nínú 100 ju ti àwọn oníwà tútù lọ. Láàárín àwọn obìnrin, ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìpín 5 lọ, èyí tó fi hàn pé ọjà líle kì í tà fún obìnrin bó ṣe ń tà fún ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni Sandra Matz àti Joe Gladstone wo ibi tí owó ń gbà jáde. Wọ́n rí i pé owó tí oníwà tútù ní nípamọ́ máa ń kéré, gbèsè rẹ̀ sì máa ń pọ̀, pàápàá bí owó tó ń wọlé fún un kò bá tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Wọn kò rí i pé àìmọ ọjà ná ló fà á. Owó ni kò jọ àwọn oníwà tútù lójú. Nílẹ̀ wa, oríkì ni ká sọ fún èèyàn pé owó kò jọ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n owó kan náà yìí ni owó ilé ìwé ọmọ, òun náà ni owó oògùn.

Ẹ wo púlọ́ńbà tó ti fi wákàtí mẹ́ta dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ síńkì onílé. Ó yọ páìpù tó jò, ó fi tuntun sí i, ó fi àkísà nu ọwọ́, onílé wá bi í pé èló ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ sáà mọ ohun tẹ́ ẹ máa fún mi." Onílé fún un ní ìdajì ohun tó yẹ, ó fi àdúrà kún un pé Ọlọ́run á pèsè. Púlọ́ńbà ṣe àmín, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ. Ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìyá tó ń ta gààrí kò gba àmín. Ìyá yìí gan-an ló yẹ kí púlọ́ńbà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa pè é ní ahun, torí pé ojoojúmọ́ ló ń fún oníbàárà ní ènì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa: ó kọ́kọ́ wọn kóńgò kún dé ẹnu, ó gba owó rẹ̀ pé, kí ó tó bu ènì lé e. Orí òṣùwọ̀n tó ti pé ni ènì ń wà. Bí ó bá ń bu ènì láti inú ojú owó, kí oṣù méjì tó pé, igbá rẹ̀ á ti kúrò lọ́jà, àti oníbàárà àti ènì á sì di ìtàn.

Owó tilẹ̀ kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí àìlèkọ̀ ń ṣe tó burú jù ni pé ó ń sọ olóòótọ́ di òpùrọ́. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Àpò ọ̀rá tó kún fún aṣọ tí wọn kò tíì gé wà lábẹ́ tábìlì, òmíràn jókòó sórí àga tó yẹ kí oníbàárà jókòó sí. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n sí ti kún, ó ti wá ń kọ àyà àti gígùn apá sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta. Obìnrin kan wọlé, ó gbé léèsì kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń rán tèmi, ẹ má jẹ́ kójú tì mí." Télọ̀ wo aṣọ, ó wo ojú obìnrin náà, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, mọ́mì. Ẹ wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló mọ̀ pé kò ní í ṣeé ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, á ní ó ku bọ́tìnnì. Ní Ọjọ́ Ẹtì, á ní wọ́n ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọdún, á pa fóònù rẹ̀. Àdúgbò á wá ní télọ̀ ò ṣeé fọkàn tán, bẹ́ẹ̀ àánú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ kí ojú ẹnì kan fà ro fún ìṣẹ́jú kan, ó wá ba ọdún jẹ́ mọ́ ogún èèyàn lọ́wọ́.

Ibì kan wà tí ohùn pẹ̀lẹ́ ti pààyàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ òfuurufú United Airlines kan tó gbé èèyàn 189 ń lọ balẹ̀ ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kò jáde bó ṣe yẹ, ọ̀gá awakọ̀ sì ń yí po lójú ọ̀run fún nǹkan bíi wákàtí kan, ó ń ro bí wọn yóò ṣe balẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n jọ wà níwájú ọkọ̀ rí i pé epo ń tán. Wọ́n dárúkọ epo, ṣùgbọ́n bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni. Kò sí ẹni tó la ohùn fún ọ̀gá pé kí ó máa balẹ̀ báyìí. Ẹ́ńjìnnì kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ já lu àdúgbò kan létí ìlú, èèyàn 10 sì kú. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wádìí rẹ̀, wọ́n dá ọ̀gá lẹ́bi pé kò fiyè sí epo, wọ́n sì dárúkọ àìsọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú bí ọ̀gá ṣe ń tẹ́tí àti bí ọmọ abẹ́ ṣe ń la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ United Airlines fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní 1981. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọmọdé tó dákẹ́ sínú kò dá abà kan sílẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, ẹ̀mí kì í sábà lọ sí i. Ìgbéga ló ń lọ. Iṣẹ́ kan wà tí gbogbo ọ́fíìsì nílò tí kì í sí ẹni tó ń rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéga: kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, gbígba owó ìkómọ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́, fífi iṣẹ́ mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Linda Babcock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí irú iṣẹ́ báyìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Nígbà tí wọ́n bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbà á ṣe, ìpín 76 nínú 100 obìnrin ló gbà, ìpín 51 nínú 100 ọkùnrin ló gbà, àwọn tó ń pín iṣẹ́ sì ti mọ̀, torí obìnrin ni wọ́n ń lọ bá jù. Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n kó ọkùnrin nìkan jọ, ẹnì kan nínú wọn ṣì ń gbà á ṣe. Iṣẹ́ náà kì í kú. Ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kì í kọ̀ ni wọ́n kàn ń dúró dè.

Ẹnì kan lè wá ní ká kúkú le bí òkúta, ká máa jágbe mọ́ gbogbo ayé. Ìyẹn náà kò pé. Cameron Anderson àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wò, wọ́n sì padà wo ipò tí wọ́n dé lẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 14 lẹ́yìn náà. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2020, àwọn onímọtara-ẹni-nìkan àti oníjà kò ní ipò ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rù bíbà rí gbà, àìní ọ̀rẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ẹlòmíràn á ní oore kì í gbé, pé ká má ṣírò, Ọlọ́run á san án. Òótọ́ ni pé oore kì í gbé. Igún tó pá lórí yìí náà ni wọ́n ń sọ pé bí a kò bá rí i, a kì í ṣebọ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé àwọn baba wa kì í ṣírò? N. A. Fádípẹ̀, tó kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìgbé ayé Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1939, ṣàlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, oko tèmi la ṣe lónìí, tìrẹ ló kàn, ọjọ́ tí ẹnì kan bá jẹ wà lórí rẹ̀ títí yóò fi san án. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ mọ̀ pé òun ló máa bọ́ àwọn tó wá. Kò sí ẹni tó ka ìṣirò yìí sí ìwà ìkà. Francis Flynn bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé láàárín àwọn ẹ̀ńjiníà ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní 2003: àwọn tó ń ṣèrànwọ́ ṣáá láìbéèrè tiwọn níyì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ń falẹ̀; àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ lemọ́lemọ́, tí wọ́n sì ń bèèrè ìrànwọ́, níyì, iṣẹ́ wọn sì ń yá. Àáró ni wọ́n ń ṣe, wọn kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Àtakò tó le jù ni ti ìbọ̀wọ̀: báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe máa kọ̀ fún àgbà, tàbí fún ọ̀gá tó lè lé e lọ́la? N kò ní í fojú kéré èyí. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á gbé ẹrù díẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni la fi ń kọ mèé jẹ, èdè wa sì kún fún bí a ṣe ń kọ̀ láì tàbùkù ẹnikẹ́ni. Orúnkún tó kúnlẹ̀ kò ní kí ẹnu má sòótọ́. "Ẹ má bínú sà, apá mi ò ká a báyìí." "Bí mo bá gba èyí, mọ́dáàmù, èwo ni kí n dá dúró nínú àwọn tó wà lọ́wọ́ mi?" Ọ̀gá tó gbọ́ ìbéèrè kejì yìí ló kù kí ó yàn, ẹ̀yin kọ́. Fún ẹni tó wá yá owó tí ẹ mọ̀ pé kò ní í padà, ẹ fún un ní ìwọ̀nba tí ẹ lè gbàgbé, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ kò yá a, ẹ fi ta á lọ́rẹ ni. Kí púlọ́ńbà sọ iye owó kí ó tó tú páìpù. Bí ó bá sì wù ú láti yọ díẹ̀ kúrò fún ìyá arúgbó, kí ó dárúkọ iye náà tán ná.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti máa retí yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lórí ohun tí ẹ ti sọ fún un pé "ó dáa", tí ẹ sì mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ kò ní í lè ṣe é. Ẹ pè é lónìí, kí ó lè tètè wá ẹlòmíràn.