Ẹ̀KỌ́: ỌWỌ́ ÈNÌYÀN NÍNÚ ÌYÍPADÀ OJÚ ỌJỌ́

Bíbélì fún kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 2:15

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin nínú Olúwa, nígbà tí àwọn ìyá wa ń gbin àgbàdo ní Mọ́níyà àti Lálúpọn, òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìgbà. Nísinsìnyí òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó sáré gbìn, ọ̀dá á sì pa hóró mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní àmì òpin ayé ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ara wa wò.

Bí a bá sun bẹntiróòlù, gáàsì, èédú tí a wà nínú ilẹ̀ tàbí igi, afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì a máa jáde. Ó ń bo ayé bí kúbùsù, ooru kò sì rí ọ̀nà lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1850, ayé ti fi ohun tó ju digírì kan lọ gbóná sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa gba omi púpọ̀ sára. Ọjọ́ tó bá tú u sílẹ̀, àgbàrá ni. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ àti àwọn ilẹ̀ oníléeṣẹ́ ńlá ló jẹ̀bi jù. Ìpín gbogbo Áfíríkà nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi náà ru ìyá tó ń yan gàrí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò mọ́ tán. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ mọ bí àpò èédú ṣe ń tò lẹ́bàá títì. Igi gbígbẹ tí a ṣẹ́ lóko kọ́ nìyẹn, igi tútù ni. Igi ló ń fa afẹ́fẹ́ yìí mọ́ra. Bí a bá sun ún tí a kò gbin òmíràn, gbogbo rẹ̀ padà sókè.

Ẹ rántí Ògùnpa ní 31 oṣù kẹjọ, 1980. Ní 26 oṣù kẹjọ, 2011, òjò bíi mìlímítà 187 rọ̀ sí Ìbàdàn, ẹ̀mí tó ju 100 lọ sì bá a lọ. Òjò nìkan kọ́ ló pa wọ́n. Ilé wà létí odò, ìdọ̀tí sì ti dí ojú omi. A kò lè dá òjò dúró, ṣùgbọ́n ta ló ń da ìdọ̀tí sódò?

Fún ìjíròrò: Níbo ni ìdọ̀tí ọjà yín ń lọ? Igi mélòó ni ẹgbẹ́ yín ti gbìn, mélòó ló sì yè?