Ṣé ọ̀kan náà ni "yovo" àti "nègre"?

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ àdúgbò wa máa ń fi orin "yovo" lé àlejò aláwọ̀ funfun kiri. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá kọ "nègre" lórin, ariwo á ta. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn? (Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́)

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tí àwọn Gùn ń pè ní yovo náà là ń pè ní òyìnbó. A kò fi ọ̀kankan nínú méjèèjì ta ẹnikẹ́ni lẹ́rú rí. "Nègre", ọ̀rọ̀ Faransé fún aláwọ̀ dúdú, ni àwọn oníṣòwò ará Faransé fi ń ka orí àwọn ènìyàn wa nígbà tí wọ́n ń kó wọn lẹ́rú ní Àjàṣẹ́ yìí. Ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára orúkọ ìwé Agatha Christie kan ní èdè Faransé, orúkọ tó ti inú orin ọmọdé wá.

Ti Kendrick Lamar, olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà, ló rú mi lójú díẹ̀. Ní 2018, ní Alabama, ó pe obìnrin aláwọ̀ funfun kan sórí ìtàgé kó wá bá a kọ orin rẹ̀, ó sì dá a dúró nígbà tó pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe wà nínú orin náà. Àbí ta ló fi í sínú orin?

Síbẹ̀, ẹ jàre níbì kan: a máa ń pe àfín, ọmọ tiwa, ní yovo. Ẹ bá àwọn ọmọ àdúgbò yín yẹn wí.