Ẹ Bi Iye Àná Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Ṣíà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Èrúwà àti gbogbo Ìbàràpá tí ẹ ti ń ra ṣíà, inú mi dùn pé ẹ ń fi owó yín sí ibi tó ti lè bí sí i. Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀, sátífíkéètì oníwèé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa, kó tó di pé CSCS, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, tí gbogbo rẹ̀ sì di àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Inú ìwé ìròyìn la ti ń ka iye tí wọ́n ta ṣíà, a ó sì dà á kọ sínú ìwé tiwa. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sínú ọgbà Adeseun Ogundoyin Polytechnic ní Èrúwà níbí lè ṣí iye ṣíà ọdún mẹ́wàá lórí fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọsílẹ̀ kò wọ́n mọ́. Ọgbọ́n tí a fi ń kà á ló kù, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Iye àná jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìí, bíbi là ń bi í léèrè. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó rí ìlà tó ń gòkè lórí fóònù, tó sì sáré ra ṣíà nítorí ìyẹn nìkan, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ tó fi dájọ́ owó ara rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi iye àná nìyí.

Èkíní: mélòó ni wọ́n rà ní iye yẹn? Fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ máa ń sọ iye tí wọ́n fi ṣí ọjà, èyí tó ga jù, èyí tó kéré jù, èyí tí wọ́n fi pa ọjà dé, àti iye ṣíà tó yí ọwọ́. Iye ìparí ni ọ̀pọ̀ yín máa ń wò, ẹ ó sì fi iye ṣíà tó yí ọwọ́ sílẹ̀. Òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹlẹ́gùúsí lè dá iye tó wù ú lé kóńgò kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá san án, iye ẹnu rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe iye ọjà. Títí di oṣù kìíní ọdún 2018, òfin ọjà wa kò gbà kí iye ṣíà wálẹ̀ kọjá iye ojú ìwé rẹ̀, 50 kọ́bọ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ wà tí ṣíà wọn dúró lórí 50 kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìlà rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ṣíà náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn tó fẹ́ tà ń dúró, kò sì sí olùrà. Bákan náà ni ọdún 2008: nígbà tí ọjà ń wó, àwọn aláṣẹ ọjà pàṣẹ fún ìgbà díẹ̀ pé iye ṣíà kan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Ẹni tó bá wo ìlà àsìkò yẹn á rò pé díẹ̀díẹ̀ ni ọjà ń rọ̀. Àṣẹ ló so ó rọ̀. Àwọn tó fẹ́ jáde kò rí ẹni tà fún. Ibi tí òǹkà títà bá ti gbẹ, ẹ má fọkàn tán iye tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Èkejì: ṣé ohun kan náà lẹ ń fi wé ara wọn? Ká ní ṣíà kan jẹ́ ₦20, ẹ sì ní 100. Ilé iṣẹ́ wá fún yín ní bónọ́ọ̀sì, ẹyọ kan lórí mẹ́rin. Ṣíà yín di 125, iye rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ sí ₦16. Owó yín ṣì jẹ́ ₦2,000 gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n lórí àkọsílẹ̀ tí wọn kò tún ṣe, ó máa dà bíi pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti ṣòfò lóru ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ wádìí bóyá àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín ti ṣe ìṣirò bónọ́ọ̀sì mọ́ ọn tàbí kò ṣe é. Ẹ má sì gbàgbé èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín. Bí ẹ bá ra ṣíà ní ₦40, tí ọdún yípo tó ṣì wà lórí ₦40, ṣùgbọ́n tí wọ́n pín ₦4 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìjọba yóò yọ ìdá 10 owó orí, ₦3.60 yóò sì wọ àpò yín. Ìlà tó tẹ́jú yẹn ti mú èrè wá. Ọ̀pọ̀ ṣíà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní òkú ló ń bọ́ olówó rẹ̀ lọ́dọọdún láìpariwo.

Ẹ̀kẹta: kí ló gbé e gòkè? Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Oṣù kìíní ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òǹkà àpapọ̀ ọjà wa, All-Share Index, láti orí 100. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, ó ti dé 66,371. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ó ti wà nísàlẹ̀ 20,000. Ẹni tó ka iye ọdún 2005 sí 2007 nìkan, ìdùnnú ló rí. Ohun tí iye kò sọ fún un ni pé Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Pé àwọn báńkì tú ṣíà síta lọ́pọ̀ yanturu. Pé àwọn ènìyàn ń yá owó ra ṣíà, tí àwọn báńkì kan sì ń yá wọn lówó láti ra ṣíà báńkì náà gan-an. Gbèsè ló ń ti ìlà náà gòkè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé mì, tí àwọn òyìnbó olówó kó owó wọn jáde, gbèsè yẹn náà ló fà á wálẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ìgòkè kíákíá, ẹ ṣí ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé iṣẹ́ náà. Bí èrè tó ń jẹ kò bá gòkè pẹ̀lú iye ṣíà rẹ̀, ẹ wá ohun mìíràn tó ń gbé e.

Ẹ ṣe ìṣirò kan mọ́ ọn. Ohun tó já bọ́ láti 66,371 sí 20,000, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta ó lé kó tó padà síbi tó wà. Ọdún 2023 ti kọjá ìlàjì kí òǹkà náà tó rékọjá ti 2008. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin: náírà wo ni, ọjọ́ wo sì ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀? Ní oṣù kìíní ọdún 2024, òǹkà náà kọjá 100,000, ariwo ayọ̀ sì sọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti òpin oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, tí òǹkà wà ní nǹkan bí 21,000, á sọ pé owó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2008, kò rí ìlọ́po méjì. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ọjọ́ tí wọ́n mú ló yàtọ̀. Náírà fúnra rẹ̀ kò sì dúró sójú kan: ní oṣù kẹta ọdún 2008, dọ́là kan kò tó ₦120; ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá ₦800. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìlà hàn yín, ẹ bi í pé kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ náà sẹ́yìn, kí ẹ sún un síwájú, kí ẹ sì fi ọ̀wọ́n ọjà wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀karùn-ún: àwọn wo ni kò sí nínú àkọsílẹ̀ mọ́? Bí ẹ bá kó iye gbogbo báńkì tó wà lórí ọjà lónìí jọ, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ló la wíwó ọjà ọdún 2008 já. Ẹ kò ní rí Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ wọn, ohun ìní wọn bọ́ sọ́wọ́ báńkì tuntun mẹ́ta, owó àwọn tó ní ṣíà wọn sì wọgbó. Àkọsílẹ̀ tó sọ̀rọ̀ àwọn tó yè nìkan kò sọ gbogbo ìtàn. Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí ìtàn rẹ̀ kúrú. Oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni Dangote Cement wọ ọjà, oṣù karùn-ún ọdún 2019 sì ni MTN Nigeria. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí 2008 nínú àkọsílẹ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìlà wọn sọ bí wọn ì bá ti ṣe nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ní ìwé kan. Fún ṣíà kọ̀ọ̀kan tó wù yín, ẹ kọ iye ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, iye tó yí ọwọ́, èrè tí wọ́n pín àti bónọ́ọ̀sì. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù tí iye fò tàbí tó já. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ ọjà fúnra rẹ̀ yẹ ohun tí fóònù sọ wò, torí áàpù a máa ṣàṣìṣe. Ẹ ra nípasẹ̀ alágbàtà tí SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ṣíà, fún ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì rí i pé ṣíà náà wọ àkáǹtì CSCS tó ń jẹ́ orúkọ yín. Ẹni tó bá ní òun mọ iye tí ṣíà máa jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ má gbé owó fún un. Ẹ má fi owó ilé ìwé tàbí owó iṣẹ́ oko ọdún tó ń bọ̀ ra ṣíà, nítorí ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ lè bọ́ sí ọdún tí ọjà wó.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ra ṣíà ilé iṣẹ́ kankan, ẹ rí i pé ẹ lè sọ ìtàn iye rẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi gòkè àti ìdí tó fi wálẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè sọ ọ́, kó fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ ná, kó sì padà sídìí ìwé. Ọjà ṣíà kò ní sá lọ.