Màmá Àgbà Kú Sílé ni àbí Wọ́n Kù Sílé? Ẹ̀kọ́ lórí Àmì Ohùn

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn ti fẹ́ ṣí ojú-ìwé yìí kọjá, nítorí pé àmì ohùn ni ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ yín jù. Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì ni a bá wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọ ọ́fíìsì wa tẹkúntẹkún. Kàdúná níhìn-ín ni a bí i sí, ibí náà ni ó sì dàgbà sí, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ ti padà sí Ọ̀fà. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn na fóònù rẹ̀ sí wa ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, ohun tí ó sì kọ nìyí:

A ti gbera lo si Ibadan. Mama agba ku sile. Ma pe wa.

“Sà, màmá àgbà ti kú,” ni ó wí nígbà tí ohùn rẹ̀ bọ̀ sípò. “Wọ́n tún ní kí n má pe àwọn.”

A ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. A bi í léèrè bóyá ara màmá àgbà kò yá tẹ́lẹ̀. Ó ní ara wọn yá, àfi ẹsẹ̀ tí ń dùn wọ́n. A ní kí ó fún wa ní nọ́ńbà ilé, a sì pè é. Ta ni ó gbé e bí kò ṣe màmá àgbà fúnra wọn! A kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n sì bèèrè ẹni tí ń sunkún lẹ́yìn wa. Àṣé ìgbéyàwó ni gbogbo ilé bá lọ sí Ìbàdàn, tí màmá sì kù sílé nítorí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n sì ń fẹ́ kí àbúrò máa pe àwọn lójú ọ̀nà ni. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ohùn òkè ni ó wà lórí “kú”, tí í ṣe pé ẹ̀mí bọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí “kù”, tí í ṣe pé ẹnìkan ṣẹ́kù. “Máa” ń pàṣẹ pé kí a ṣe nǹkan, “má” ń kọ̀ ọ́ fún wa. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi ẹnu sọ ọ́ ni, kò sí ẹni tí yóò sunkún. Ìyáàlù dùndún kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò lè pe fáwẹ́lì, ohùn ni ó fi ń sọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ohun tí ìlù dì mú gan-an ni fóònù yìí dà nù.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ Haúsá a máa bi wá pé, kí ló dé tí ẹ̀yin Yorùbá fi ń ta nǹkan sórí ọ̀rọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀? Èdè olóhùn ni Haúsá náà, síbẹ̀ ìwé bókò kì í fi àmì sí i. “Gari” lè jẹ́ ìlú, ó sì lè jẹ́ ìyẹ̀fun. Gígùn fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwé kò sì fi hàn, síbẹ̀ wọ́n ń kà á. Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kúrú jọjọ. Púpọ̀ nínú wọn kò ju sílébù kan lọ: lọ, wá, jẹ, kú, kù. Ẹ gbé gègé yín. Kọ́ńsónáǹtì wa jẹ́ 18, fáwẹ́lì àìránmúpè jẹ́ 7. Ẹ so wọ́n pọ̀, ó di sílébù 126. Ẹ fi ohùn mẹ́ta sí i, ó di 378. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n àyè wà fún wọn. Ẹ wá yọ ohùn kúrò, kí ẹ sì yọ àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú. Kọ́ńsónáǹtì ku 17, fáwẹ́lì ku 5, sílébù sì di 85. Inú yàrá 85 ni ẹ ń gbìyànjú láti kó àlejò 378 sí!

Ẹni tí ó dàgbà ní Ọ̀fà tàbí Ìbàdàn lè méfò, nítorí ojoojúmọ́ ni etí rẹ̀ ń gbọ́ èdè. Ọmọ tí a tọ́ ní Kàdúná, tí ó ń gbọ́ Haúsá ní ọjà, tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, kí ni yóò fi méfò? Nítorí irú rẹ̀ ni a ṣe ń pariwo.

Ẹ ó ní ẹ̀rọ ni kò jẹ́. Ní tòótọ́, a kò lè dá yín lẹ́bi tán. Láyé taipuráítà, bíró ni a fi ń to àmì sí i lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, bí ó bá sì jẹ́ sítẹ́ńsù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo yóò ya á, yóò tún un tẹ̀. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì kan gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹ tàbí ọ ẹyọ kan péré sí i, ẹ̀rọ yóò yí ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ padà, lẹ́tà 70 ni yóò sì gbà mọ́. Ẹni tí ó kọ Yorùbá dáadáa ni ó ń san owó jù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: à, è, ì, ò, ù wà nínú lẹ́tà tí GSM ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n kọ “kù” ni, kọ́bọ̀ kan kò ní lé owó rẹ̀.

Lónìí, fóònù tí ẹ fi ń ṣe Wátsáàpù kò ka lẹ́tà fún owó. Kíbọ́ọ̀dù Google ní Yorùbá nínú. Ẹ wá a nínú ètò rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka mọ́ lẹ́tà e pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìṣòro kan ṣì wà. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà àti àmì ni a so pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ìwé kan, tí kọ̀ǹpútà sì lè wá “ọjọ́” títí kó ní òun kò rí i, nígbà tí ó wà níwájú rẹ̀.

A kò sì ní purọ́ fún yín pé àmì ohùn yanjú gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀, ohùn rẹ̀ a gòkè sí àárín: a ní “ó rà á”, ṣùgbọ́n “ó ra aṣọ”. Nítorí náà “ó kọ ìwé” lè jẹ́ pé ó ṣe òǹkọ̀wé, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fún un ní ìwé ni ó kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ yẹn, àyíká ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè gbà wá.

Ohun tí àwa ń bẹ̀ yín fún lórí fóònù kò pọ̀. Bí ẹ kò bá lè fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ fi sórí èyí tí ó lè dá ẹkún sílẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe nìyí. Ẹ fi àmì sí gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí ní gbogbo ọ̀nà tí ó bá ní ìtumọ̀, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀:

Baba gbe igba wa.
Omo naa fo awo.
E ma jade lale.

Ẹni tí ó bá rí ju mẹ́ta lọ nínú ti àkọ́kọ́, kí ó yà ní ọ́fíìsì wa.