Gàtó Ìgbéyàwó Nígbà Tí Ìnáwó Bá Pọ̀: Owó, Ìmọ́tótó àti Oorun

Ẹ̀kọ́ ọjà àti ìlera la tún gbé dé. Lónìí, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe gàtó ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́ la fẹ́ yẹ̀ wò, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kéèkì.

Ẹlòmíì lè sọ pé, "Abúlé la wà, kí ló kàn wá nínú gàtó?" Ó kàn yín o. Àwọn kan nínú yín ló ń sin adìẹ tó ń yé ẹyin tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn míì ní ọmọ lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ nígboro. Bí a bá sì lọ síbi ìgbéyàwó, gbogbo wa là ń jẹ ẹ́, tí a tún ń dì í sínú ọ̀rá lọ fún àwọn ọmọ nílé.

Ìgbà wo niṣẹ́ máa ń pọ̀?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Kátólíìkì kì í ṣègbéyàwó nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí náà kì í fi í sínú oṣù Ramadan. Nítorí náà, tí ààwẹ̀ bá ti parí, ìnáwó á ya wọlé. Oṣù Disẹ́ńbà tún wá wà lọ́tọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ tó wà ní Kútọnu, Èkó àti Faransé bá darí wálé. Ẹnì kan lè gba gàtó mẹ́ta fún ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ọ̀sẹ̀ kan ṣe ń lọ?

Ọjọ́ Ajé, wọ́n á lọ ra ọjà ní Ouando: ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣúgà, bọ́tà àti ẹyin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, wọ́n á fi ṣúgà mọ òdòdó, nítorí ó ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ọjọ́bọ̀ ni yíyan. Gàtó tó jáde látinú ààrò gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí wọ́n tó fi ohunkóhun bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tà orí rẹ̀ á yọ́ dànù. Ọjọ́ Ẹtì ni kíkùn àti bíbò, iṣẹ́ tó máa ń wọ òru. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni gbígbé lọ. Wọn kì í to alájà mẹ́ta léra wọn nílé. Inú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, lórí ilẹ̀ ọkọ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n tó tò ó níbi àríyá pẹ̀lú ọ̀pá kéékèèké tó ń gbé àjà òkè ró. Gàtó alájà mẹ́ta kì í gun zémidjan o!

Ojú ọjọ́ náà tún ń dá sí i. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ lọ́rinrin, ṣúgà tí wọ́n fi bo gàtó á máa làágùn. Nígbà ọyẹ́, yóò gbẹ, yóò sì sán. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ọ̀rá bo èyí tí kò tíì lò.

Ìṣirò owó

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye ọjà òní. Ká ní wọ́n ṣe àdéhùn gàtó alájà mẹ́ta ní 90,000 sẹ̀fà. Ohun èlò jẹ́ 42,000. Pákó ìgbékalẹ̀, rìbọ́nì àti àpótí jẹ́ 8,000. Gáàsì jẹ́ 4,000. Ọkọ̀ jẹ́ 5,000. Owó ọmọ iṣẹ́ jẹ́ 6,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65,000. Ohun tó kù fún onígàtó jẹ́ 25,000, fún ọjọ́ mẹ́ta tó fi ṣe é. Ẹ ò rí i pé ó dáa díẹ̀?

Ṣùgbọ́n oníbàárà ná an, ó ní òun mọ̀lẹ́bí ni, ó já a sí 70,000. Ìnáwó 65,000 kò yí padà. Ó ku 5,000 fún ọjọ́ mẹ́ta àti òru kan. Ẹni tó ń ná ọjà rò pé èrè lòun dín kù, kò mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ onígàtó lòun ń gé.

Owó àsansílẹ̀ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ tó ohun tí wọ́n máa rà kí gàtó tó jáde. Nínú àpẹẹrẹ wa, 42,000 àti 8,000 jẹ́ 50,000. Bí ìgbéyàwó bá fọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó gba 20,000 péré ti wọ gbèsè. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i: ọjọ́, iye, àwọ̀, àjà mélòó, ta ló máa gbé e.

Ìdí mìíràn ni pé owó ọjà kì í dúró sójú kan láàárín ọjọ́ àdéhùn àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ rántí pé Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2019, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Disẹ́ńbà 2020. Ẹ tún rántí oṣù Máyù 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Owó epo kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa níbí, owó ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é tí ọjà bá gbówó lórí. Ẹ̀yin tó ń ta ẹyin náà lè bá onígàtó ṣe àdéhùn ṣáájú: iye àwo báyìí, ní ọjọ́ báyìí, ní iye báyìí. Ọkàn yín á balẹ̀, ti oníbàárà yín náà á balẹ̀.

Ìmọ́tótó

Ìlera loògùn ọrọ̀. Gàtó gbígbẹ tí a yan dáadáa kì í sábà pa èèyàn lára. Ohun tó léwu ni ìpara oníwàrà àti oníẹyin tí wọ́n ń fi sí àárín rẹ̀, àti funfun ẹyin tútù tí wọ́n ń pò mọ́ ṣúgà fún bíbò. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní salmonella, tó lè wà lára ẹyin tàbí nínú rẹ̀. Òmíràn ń gbé ní imú àti ojú egbò ọwọ́ wa. Èyí kejì yìí lè tu oró sínú oúnjẹ, oró náà kì í sì í kú bí a bá tún un gbóná.

Nítorí náà, ẹ gba ìlànà yìí. Ẹ má lo ẹyin tó ti sán. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́ ẹyin. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìpara. Ohun tó ní ìpara gbọ́dọ̀ wà nínú fíríjì tó tutù ju ìwọ̀n 5 lọ, kò sì yẹ kó ju wákàtí méjì lọ níta. Nínú ooru tó ju ìwọ̀n 32 lọ, wákàtí kan péré. Tí iná bá lọ lóru ọjọ́ Ẹtì, ẹ má máa ṣí fíríjì. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀, kó sọ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bọ́tà àti ṣúgà lòun máa lò, kì í ṣe ìpara oníwàrà.

Tí èèyàn bá jẹ nǹkan níbi àríyá, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tó ń bì tàbí tó ń ṣu omi, ẹ má dúró. Tí ẹ ò bá ní àpò oògùn ORS, ẹ po ṣíbí kékeré ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan, kí ṣíbí má ṣe ga lórí. Ẹ fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọdé bá jìn wọnú, ilé ìwòsàn yá.

Oorun àti iná

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òru méjì kò ní rántí bóyá òun pa ààrò. Kí wọ́n pín òru, kí ọmọ iṣẹ́ sùn ní tirẹ̀, kí ọ̀gá sùn ní tirẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ wo ojú rọ́bà gáàsì: tó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé! Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, kì í ṣe inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, oorun ló ń bá èèyàn tó fi ń pa á.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbogbo èyí ò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ká ni kí onígàtó gbà. Gàtó méjì tó ní èrè tó sì mọ́ sàn ju mẹ́rin tó mú gbèsè àti àìsàn wá.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín

1. Nínú ìṣirò wa, tí ẹyin 60 bá fi 30 sẹ̀fà lé lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èló ni yóò kúrò nínú èrè?
2. Ta ló ń ta ẹyin fún onígàtó ní abúlé yín? Ṣé àdéhùn wà?
3. Tí ẹ bá dé láti ibi àríyá, wákàtí mélòó ni gàtó inú ọ̀rá ti lò kí ọmọ tó jẹ ẹ́?

Ẹ jíròrò rẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà o. Ire o!