Ẹ Má Fi Irun Yan Ológbò

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ ń yọ lẹ́nu pé àwọn fẹ́ ológbò, bí ẹnì kan bá wà nínú ilé tó jẹ́ pé bó bá ti sún mọ́ ológbò báyìí, ojú á máa yún un, á sì máa sín léraléra, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó ná owó. Ẹni tó ń tajà kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà rẹ̀. Àwọn tó ń ta ológbò Siberian àti Balinese a máa ní tiwọn kì í fa àlẹ́jì. Àwọn tó ń ta Sphynx, èyí tí kò nírun lára, a tiẹ̀ máa fọwọ́ sọ̀yà. Ní 2006, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń polówó ológbò tí wọ́n ní kì í fa àlẹ́jì ní nǹkan bí 4,000 dọ́là.

Irun kọ́ ló ń dáni láàmú. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Fel d 1 ni. Inú itọ́ ológbò àti ọ̀rá ara rẹ̀ ló wà. Ológbò a máa lá ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí itọ́ náà bá gbẹ, á di eruku tójú kò rí, á máa fò káàkiri, á lẹ̀ mọ́ aṣọ, àga àti ògiri. Sphynx náà nítọ́, ó sì láwọ. Ìwọ̀n purotéènì yìí ló ń yàtọ̀ láti ara ológbò kan sí òmíràn, kódà láàárín ọmọ ìyá kan náà. Akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá ló sábà máa ń ní in jù.

Nítorí náà, ológbò tí ẹ fẹ́ rà gan-an ni kí ẹ dán wò. Ẹ mú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ síbi tó wà, kó jókòó tì í, kó gbé e, kó sì tún padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹni náà bá ní ikọ́ fée, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, torí ológbò lè gbé ikọ́ náà dìde.

Bí ẹ bá mú un wálé, ẹ má jẹ́ kó wọ yàrá tí ẹni náà ń sùn, kí ẹ sì máa fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e. Ẹ má rò pé bí kò bá bá yín lára mu, lílé e jáde ti parí ọ̀rọ̀: ohun tó fi sílẹ̀ lára kápẹ́ẹ̀tì àti àga lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti mọ̀.